Èkùkù Oníwo Ẹ̀yìnkùlé Bàbá

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi àgbà, gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa ní Banikanni, ní Parakou, láti bá wa kẹ́dùn ló ń sọ ohun kan náà: Mùsé fẹ́ràn òdòdó. Àwọn tó kọ́ ní kóléèjì ló ń pè é ní Mùsé, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lédè Faransé. Àwọn kan nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á mi orí. Wọ́n ní àwọn rántí bó ṣe máa ń lóṣòó sáàárín koríko lásìkò òjò, tí á máa yẹ ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wá nínú koríko yẹn, kì í sì í ṣe ẹwà.

N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbí. Ibi tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó lọ, ìjọ tó ń lọ, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé tí a pín níbi ìsìnkú. Ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ nù, kó wá gba òmíràn. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀ràn ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ já ọmọ tó ń ṣàìsàn gbà lọ́wọ́ ìyá mi nítorí ewé ọbẹ̀. Bàbá, bí a ṣe ń pe bàbá àgbà, ló yanjú ọ̀ràn náà. Òun náà ló dá a sílẹ̀, ìyẹn ni kò sì sí nínú ìwé ìsìnkú.

Bàbá kì í fi orúkọ ohun kan pe òmíràn. Àìsàn ni lára rẹ̀. Tí a bá wí pé, "Bàbá ti jẹun, wọ́n ti lọ sùn," á gbọ́ láti inú yàrá, á ní, "Àwọn wo? Èmi nìkan ni mo wà níbí." Ìyá mi á ṣẹ́jú sí wa pé ká má dá a lóhùn, ká máa fi "wọ́n" pè é lọ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìwé yìí, mo gbà fún un, "ó" ni mo ń kọ. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní òdòdó oníke aláràbarà nínú ìgò. Ó dúpẹ́, ó yí i po, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tẹ ọrùn rẹ̀ níbi tó yẹ kí èso ti jáde. Ọ̀gá ilé ìwé ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni. Bàbá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n èyí kò lè kú, torí náà kì í ṣe òdòdó."

Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló fi kọ́ni, ewéko ló sì mọ̀ jù. Nínú gbogbo ewéko, ìdílé kan wà tí kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré: ìdílé yànmọ̀tí. Ìdílé kékeré ni. Ní agbègbè tiwa, yànmọ̀tí tí àgbẹ̀ ń gbìn wà níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn náà wà níbẹ̀, wọ́n ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́yìn ilé, lórí ààtàn. Gbogbo wọn ló ń bá òjò wá, tí wọ́n ń tanná, tí wọ́n ń so, tí wọ́n sì ń kú kí ọyẹ́ tó mú. Òdòdó wọn a máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí agogo, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́ jọ àlùkò. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn ju tòkè lọ, ìlà tó dúdú díẹ̀ sì wà nínú ọ̀fun rẹ̀ tí oyin ń tọ̀ wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí òdòdó kọ̀ọ̀kan, kókó kékeré kan wà tó ń sun oje dídùn, èèrà kì í kúrò níbẹ̀. Bu omi sí ewé wọn, fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, á máa yọ̀ bí ilá. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fi se ọbẹ̀.

Bàbá á kó wa lọ́mọdé lọ sẹ́yìnkùlé, á ní ká má wo ewé, ká má wo òdòdó, èso ni ká wò. Méjì nínú àwọn tó ń hù fúnra wọn yìí jọra bí ìbejì, kò sì dárúkọ wọn fún wa rí. Èso ọ̀kan parí sí ẹnu ṣóńṣó kan ṣoṣo, bíi ti yànmọ̀tí gan-an. Ti èkejì ní ìwo méjì lórí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí orí ọmọ ewúrẹ́. Tí èso náà bá ti gbẹ, á la ẹnu láti òkè, àtẹ̀gùn díẹ̀ báyìí, kóró rẹ̀ á ti dà sílẹ̀. Bó o bá fa igi rẹ̀ tu lọ́la, o ti pẹ́ jù, ti ọdún tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀. Á wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ìdílé ńlá kò ṣòro láti mọ̀. Ìdílé kékeré ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí gbogbo wọn ló jọra."

Oníwo yìí ni wọ́n ń pè ní èkùkù ní ilé wa ní Ṣábẹ̀. Òun sì ni èèwọ̀ wa.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní ogun lé baba ńlá wa, ó sá wọ inú èkùkù, ewé bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ọ̀tá kọjá lára rẹ̀ wọn kò rí i. Ló bá búra pé òun àti ọmọ òun kò ní fi ewé náà kan ẹnu láéláé. Ẹni tó bá fi kàn án, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi san án. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń sọ ọ́ lójú Bàbá, ó ní, "Èkùkù kò ga ju ìbàdí lọ. Bàbá yẹn ní láti kúrú gan-an." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wò ó títí, ó ní, "Àjàní, pa ẹnu ẹ dé." Ó sì pa á dé lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, Ìyá Ṣábẹ̀ ni à ń pè é, nìkan ni Bàbá ń bẹ̀rù láyé yìí. Ìyá wọn tètè kú, òun ló pọn ọ́n, tó tọ́ ọ, tó lù ú, tó fi í sílé ìwé. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, á wọ takisí láti Ṣábẹ̀ wá kí wa, á sì lo ọjọ́ púpọ̀. Mùsé tí gbogbo Banikanni ń bọ̀wọ̀ fún á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu ilẹ̀kùn takisí, nínú ẹrẹ̀, lójú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ká fi "wọ́n" pe òun, òun gan-an ló máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà kò ni yín lára?" Wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìjà kí omi iwájú rẹ̀ tó tán. Wọ́n á jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n á jà lórí ẹni tó bí ta ni ní Ṣábẹ̀, wọ́n á jà lórí oògùn ibà. Obìnrin náà á ní ìwé ti gba gbogbo àyè tó yẹ kí làákàyè wà lórí Bàbá. Tó bá fẹ́ padà, òun náà á tún máa sunkún, á ní, "Bí mo bá ti lọ yìí, ta ni yóò máa bá ẹ wí?"

Ìyá mi wá láti Kétu. Aṣọ ló ń rán, ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà Arzèkè, bàbá mi tó ń wa tírélà lọ sí Malanville sì yà síbẹ̀ láti rán ṣòkòtò tó ya. Ó yà síbẹ̀ títí ṣòkòtò fi tán. Nígbà tí wọ́n mú ìyá mi wọlé, Ìyá Ṣábẹ̀ pè é jókòó, ó ní, "Ìyàwó, nínú ilé yìí, a kì í jẹ èkùkù. A kì í sè é, a kì í fi ṣeré." Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, Ìyá, òun kò ní sè é. Kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé bàbá rẹ̀ ní Kétu, èyí tí kò níwo ni wọ́n ń pè ní èkùkù. Oníwo, ọmọ-yànmọ̀tí ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ó sá fún èyí tí kì í ṣe èèwọ̀ ẹnikẹ́ni bí ẹni sá fún ejò, ó sì ń fi èèwọ̀ ilé wa se ọbẹ̀ fún wa ní gbogbo ìgbà òjò, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti ìrù. Ó dùn. Èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dùn.

Ó ṣe wá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Ewé tí a ti gé wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò kò níwo. Bàbá mi, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Ìyá Ṣábẹ̀ kì í wọ ilé ìdáná ìyá mi, ó ní àgbàlagbà kì í ṣọ́ ọwọ́ ìyàwó. Bàbá àgbà ńkọ́? Ẹni tó lè mọ ewé láti inú òórùn rẹ̀? N kò ronú kan ibẹ̀ nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni kò ronú kan ibẹ̀.

Ọdún tí mo ń wí yìí, òjò pọ̀. Àbíkẹ́, àbúrò mi, kò tíì pé ọmọ tí ń sáré. Ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀, ọ̀sán kò tíì pọ́n tí gìrì fi gbé e. Ojú rẹ̀ yí padà, ọwọ́ rẹ̀ le gan. Ìyá mi gbé e sẹ́yìn, ó bọ́ sórí ọ̀kadà sẹ́mì, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀ sí i létí títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n so omi sẹ́rọ́ọ̀mù mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà ní ibà ni, ó ti gorí, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ yìí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí òun óò fi sọ̀rọ̀.

Ìyá Ṣábẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ wẹ̀, ó kọjá lẹ́nu ilé ìdáná, ó sì rí igi ewé tí ìyá mi ti já ewé ara rẹ̀ tán kí àìsàn tó dé, tó gbé sínú agbọ̀n. Èso ṣì wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Èmi ń fọ abọ́ níbẹ̀. Ó bi mí léèrè pé, "Kí ni ìyá rẹ fi èyí ṣe?" Mo ní ọbẹ̀ ni, Ìyá, ọmọ-yànmọ̀tí ni. Ó ká aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó padà sínú ilé, ó tẹ Ṣábẹ̀ láago.

Àwọn àgbà méjì dé kí ilẹ̀ tó tún mọ́ dáadáa. Ìbátan Bàbá ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ alàgbà ní ìjọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó rán an létí, pé ìgbàgbọ́ kò ní ká má ṣorò ilé wa. Wọ́n rán ará ilé kejì lọ dúró ti Àbíkẹ́, wọ́n ní kí ìyá mi máa bọ̀ nílé. Ó wọlé tòun ti aṣọ tí ọmọ ti bì sí. Kò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Ó rò pé wọ́n fẹ́ gbàdúrà.

Alàgbà náà ló sọ ìdájọ́, kò sì gbóhùn sókè. Ìyá mi ti fi èèwọ̀ bọ́ ilé ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọmọ náà mọ́. Wọn óò gbé Àbíkẹ́ kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án yẹn, wọn óò gbé e lọ sí Ṣábẹ̀ lọ ṣe ètùtù, kí ìyá rẹ̀ sì máa lọ sí Kétu títí wọn óò fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rí sẹ́rọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ìyá mi ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mi ò se èkùkù rí nínú ilé yìí. Èyí kì í ṣe èkùkù. Ọmọ-yànmọ̀tí ni. Èkùkù kò níwo." Alàgbà náà ní ta ni kò mọ èkùkù? Ìyá mi ní ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, títí Ìyá Ṣábẹ̀ fi nawọ́ igi ewé náà sí àbúrò rẹ̀.

"Àjàní," ó ní, "ìwọ lo mọ ewé. Sọ fún wa. Kí nìyí?"

Mo ti sọ bó ṣe ń ṣe sí orúkọ nǹkan. Mo mọ̀ pé tó bá lè sọ pé ọmọ-yànmọ̀tí ni, ọ̀rọ̀ bùṣe, ìyá mi á padà sídìí ọmọ rẹ̀, àwọn àgbà á jẹun, wọ́n á wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́ nínú wọn. Mo ń wò ó, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó parọ́. Ó gba igi náà, ó yí i, ó fi àtàǹpàkò kan ìwo èso náà, ọ̀tún, òsì.

"Èkùkù ni," ó ní.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀. Ìyá Ṣábẹ̀ mí kanlẹ̀. Alàgbà ti ń dìde.

"Ẹ jókòó," ni Bàbá wí. "Mi ò tíì parí. Èkùkù ni, mo sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún tí ìyàwó yìí ti wọ ilé mi. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Mo rí igi rẹ̀ lórí ààtàn kó tó gbé oúnjẹ tèmi dé. Kò sí ọdún tí mi ò jẹ ẹ́. Gbogbo ọmọ tí ẹ ń wò nínú ilé yìí, òun ni wọ́n jẹ dàgbà." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá. Ẹ máa ń ní kó bù sí i."

Mo rí ọwọ́ Ìyá Ṣábẹ̀ bó ṣe ń gòkè lọ sí ọ̀fun rẹ̀.

"O mọ̀?" ló bi í.

"Mo mọ̀."

"Mo ń jẹ ẹ́, o jókòó, ò ń wò mí?"

Bàbá kọjú sí àwọn ọkùnrin náà, ó ní tí èèwọ̀ bá ń mú ẹni tó jẹ ẹ́, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mú, torí ìyàwó kò mọ̀, òun mọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹni tó sè é, kí wọ́n kọ́kọ́ lé ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́. Ó ní òun ni olórí ilé yìí, ọmọ kan kò ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì dókítà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Tí ètùtù bá di dandan, á kan Ìyá Ṣábẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ni yóò wá sọ ìyẹn fún un? Alàgbà ní àwọn óò tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní Ṣábẹ̀. Títí dòní, wọn kò tíì gbé e yẹ̀ wò.

Ìyá mi ti ń wọ bàtà láti padà sílé ìwòsàn nígbà tí Bàbá tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo wà lẹ́yìn wọn. Ó ní òun fẹ́ ṣàlàyé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Ìyá Ṣábẹ̀ ti ń jẹ ọbẹ̀ náà lọ́wọ́ kí òun tó jókòó. Tí òun bá la ẹnu, ọjọ́ náà ni wọn óò dá ìyàwó tuntun padà sí Kétu. Òun ní òun óò sọ fún un lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ti di pé òun náà ti jẹ ẹ́, òun sì ti jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ ẹ́. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń fa gbogbo èyí tó bá hù lẹ́yìnkùlé tu," ó ní. "Mò ń tètè jí kí n lè ṣáájú ẹ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọdọọdún ló ń hù." Ó ṣí fìlà lórí níwájú aya ọmọ rẹ̀, ohun tí mi ò rí kí àgbàlagbà kankan ṣe rí.

Ìyá mi kò ní kó dé e padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ yọ mí lónìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi gbé e fún ọmọ mi. Ká ní Àbíkẹ́ kú, èmi ni màá máa rò pé mo pa á." Ó bọ́ sórí sẹ́mì, ó lọ.

Àbíkẹ́ kò kú. Ó wà níbi ìsìnkú, ó sanra, ó ń bá àwọn alásè jà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo oúnjẹ tó bá gbé síwájú Bàbá, á kúnlẹ̀ dáadáa bó ṣe yẹ, á sì dárúkọ ewé inú rẹ̀. "Bàbá, tẹ̀tẹ̀ ni o." "Bàbá, ilá ni o, èyí tí wọ́n ń gbìn." Bàbá á ní, "Mo rí i." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe títí irun ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nígbà tí mo dàgbà tó láti sọ fún un pé kó jẹ́ kó tán, ó dá mi lóhùn pé, "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bàbá ẹ ló kọ́ mi, mi ò tún ní dákẹ́ mọ́ láé."

Ìyá Ṣábẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn takisí, obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kọjá lára rẹ̀ wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Bàbá lọ sí Ṣábẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi yí, àwọn ọmọ àdúgbò ń wò ó, lẹ́yìn náà ó gbọn aṣọ, ó padà sí Parakou. Kò sọ ọ́ fún wa, awakọ̀ tó gbé e ló sọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, á ní, "Màá lọ sí Ṣábẹ̀ lọ́dún yìí." Á pa aṣọ kan mọ́. Lọ́dún kan iṣẹ́ ni, lọ́dún kan òtútù ni, nígbà tó yá orúnkún ni. Ìgbéraga wà níbẹ̀, n kò ní fi bò. Inú ń bí mi sí i lórí rẹ̀ di báyìí tí mò ń kọ èyí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí kò lọ, ó ní, "Bí wọn kò bá tún ṣílẹ̀kùn ńkọ́?"

Àrùn ẹ̀gbà ló mú un lọ. Ó kọlù ú lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó mú apá kan, ó sì mú ẹnu. Ìyá mi ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń nu ètè rẹ̀, ó ń dárúkọ ewé fún un bó ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀ kankan. A gbé àwòrán Ìyá Ṣábẹ̀ wá síwájú rẹ̀, a dárúkọ rẹ̀ sí i létí, ojú rẹ̀ kò yí. Kò béèrè ẹnikẹ́ni. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Ìyá Ṣábẹ̀ wá síbi ìsìnkú. Ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó ti di kínkín, ọ̀pá rẹ̀ ga jù ú lọ. Àwọn èèyàn ń wo ìyá mi, wọ́n ń wo òun. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Ó kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí pósí, ó fi ọ̀pá kan án lẹ́ẹ̀kan, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n fún òun níjókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò kọjú sí ẹnikẹ́ni pàtó.

"Ó wá lẹ́ẹ̀kan, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kó jìyà díẹ̀. Mo ní tó bá tún padà wá, màá ṣí i. Gbogbo ọyẹ́ ni mò ń fetí sílẹ̀. Àjàní kò wá."

Ó gbé ojú sókè, èmi ló bá níwájú, èmi tí mo jọ Bàbá lójú àti nímú bí gbogbo ayé ṣe ń sọ. Ó di ọwọ́ mi mú. 

"Ìwọ wà níbẹ̀," ó ní. "Kó tó lọ, ṣé ó béèrè mi?"

Mo ń wá ohun tí mo lè sọ tí kò ní jẹ́ irọ́, kò sí. Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ojoojúmọ́ ni, Ìyá," ló wí. "Títí àìsàn fi mú ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ṣábẹ̀ tí ọyẹ́ bá dé."

Ìyá Ṣábẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, ìyàwó." Ó fi ìborùn bojú. Ìyá mi wò mí, ó wò mí dáadáa. Mo dákẹ́, mo lọ bu omi wá fún ìyá àgbà náà.